Ìrìn àjò Àjàṣẹ́ àti Ouidah tá a lọ láti Ondó: bó ṣe rí gan-an rèé

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a ti dé o, mo sì ti ṣèlérí fáwọn tí wọn ò lè bá wa lọ pé màá kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn ọmọ ọdún kejì ti ń béèrè bóyá káwọn náà dáwó. Àwa mọ́kànlélógún la lọ, àwọn kan láti Àkúrẹ́, àwa tó pọ̀ jù láti Ondó níbí, gbogbo wa ń ka Ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, olùkọ́ wa obìnrin kan tá a máa ń pè ní Mọ́mì sì tẹ̀ lé wa. ₦180,000 lẹnì kọ̀ọ̀kan san fáwọn tó ṣètò ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní bọ́ọ̀sì, òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ àti owó àbáwọlé gbogbo ibi tá a máa dé ló wà nínú ẹ̀. Ibi mẹ́ta lórílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n kọ sínú ìwé fún wa: Àjàṣẹ́, Ouidah, Abomey. Ẹ rántí ẹ̀kẹta yẹn, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ bọ́dà ò yọ wá lẹ́nu rárá. Ó ti tó oṣù kan ṣáájú tí wọ́n ti ń yẹ pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ò tíì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n ní kó lọ gbà á kó tó san owó tó kù. Bọ́ọ̀sì kó àwọn ará Àkúrẹ́ lóru, ó wá bá wa ní Yaba ní Ondó níbí, a gba Orè bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ yẹn ò sá eré àsápajúdé rárá, kò sì gba ìpè kankan lórí ìrìn, Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Nígbà tá a dé Sẹ̀mẹ̀ ńṣe la kàn tò, wọ́n lùǹtẹ̀ fún wa, a ṣẹ́ náírà wa sí séfà, ó parí.

Àjàṣẹ́ la kọ́kọ́ yà. Porto-Novo lẹ máa rí nínú máàpù, òun sì ni olú ìlú Benin bó tiẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu nìjọba jókòó sí. Ẹ ò ní gbà pé ẹ ti kúrò nílé, torí bẹ́ ẹ bá kí èèyàn ní Yorùbá nínú ọjà, á dá yín lóhùn. Mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ wọn ni wọ́n mú wa lọ wò, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé ìṣọ́ méjì ló wà níwájú ẹ̀, fèrèsé ẹ̀ tẹ̀ lókè, ọ̀dà aláràbarà ni wọ́n fi kùn ún. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ Brazil tàwọn àtọmọ wọn padà wálé, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ mọ́sáláṣí tiwọn. Ọmọkùnrin kan nínú wa tó jẹ́ Mùsùlùmí dúró wò ó títí, ó wá béèrè lọ́wọ́ bàbá kan tó jókòó nítòsí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì lẹ ti gbà á ni?” Bàbá ní, “Rárá o ọmọ mi, bọ́wọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe tí mo ń kọ báyìí.

Òtẹ́ẹ̀lì ò burú, àmọ́ àwa obìnrin mẹ́ta ni wọ́n kó sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, wọn ò sì sọ ìyẹn fún wa tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ dùn. Àkàsà wọn, ẹ̀kọ wa yìí náà ni, wọ́n fi ẹja díndín àti ata lílọ̀ tì í.

Ọjọ́ kejì ni Ouidah. Tẹ́ńpìlì àwọn òjòlá dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1909, títì ló pín wọn níyà. Wọ́n ní nígbà tí ogun ń lé ọba Kpassè tó sá wọgbó, òjòlá ló dáàbò bò ó, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ pa á níbẹ̀, tó bá jáde lóru tó wọlé onílé, ńṣe ni wọ́n á gbé e padà wá. Àwa mẹ́jọ la wọlé. Àwọn tó kù ní ẹ̀sìn àwọn ò gbà á, wọ́n lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì lódìkejì, Mọ́mì ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi èkejì ṣẹ̀sín, inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ mi lọ́rùn. Kò ní oró. Ara ẹ̀ gbẹ, ó tutù díẹ̀, kò yọ̀ bí mo ṣe rò, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára bí iṣan ẹ̀ ṣe ń fún tó tún ń dẹ̀ lórí èjìká mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn ń mí.

Inú igbó Kpassè ni gáìdì ti wá tó owó ẹ̀. Àgbàlagbà kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni, bó bá ti dé ìdí ère kan á dárúkọ tiwọn á sì ní ká dárúkọ tiwa. Legba, a ní Èṣù. Gu, a ní Ògún. Sakpata, a ní Ṣọ̀pọ̀ná. Fa, gbogbo wa kígbe Ifá! Nígbà tó dé orí Heviosso tó ń sán àrá, àwọn ará Àkúrẹ́ ní Ṣàngó, àwa ọmọ Ondó ní Ọ̀ràmfẹ̀ ni, bàbá ní ká ṣàlàyé, Mọ́mì sì ṣàlàyé fún un, òun náà wá di ọmọ ilé ìwé. A lò ju wákàtí kan lọ níbẹ̀.

Ibi tínú ti bí mi rèé. Ọ̀nà àwọn ẹrú, láti ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n nígboro títí dé etí òkun, bíi kìlómítà mẹ́rin ni. Àwọn tó ṣètò ìrìn àjò ní ká jókòó sínú bọ́ọ̀sì, àwọn á máa fi ọwọ́ tọ́ka síta fún wa. Ẹ̀yin ará, ta ló ń fi bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà yẹn kọjá? Mọ́mì ló ní kí awakọ̀ dúró níbi Igi Ìgbàgbé. Igi náà ò sí mọ́, ère ló dípò ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa ń mú ọkùnrin yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ó ń kà á sókè, nígbà tó dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó dúró, kò kà á mọ́, ó fi gèlè nu ojú. A fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. A yà ní Zoungbodji níbi tí wọ́n sin àwọn tó kú sí kí ọkọ̀ tó kó wọn. Iyanrìn ti kún bàtà wa ká tó dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1995, àwòrán àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ra wà lókè ẹ̀, òkun ni wọ́n kọjú sí. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó gba ibẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín.

Abomey wá ńkọ́? A ò débẹ̀. Ó lé ní 140 kìlómítà sí Kútọnu, ọjọ́ kẹta tó yẹ ká lọ, ọjà ni wọ́n gbé wa lọ, àwọn tó ṣètò ẹ̀ ń ra ẹrù tiwọn títí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n wá ní ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lọ́nà. Ààfin àwọn ọba Dàhòmì tí UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti 1985, ọba Ghezo tó gbógun ja Ẹ̀gbá ní 1851, ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi sanwó nìyẹn o! Mo ní òye pé ọ̀nà jìn, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á gba òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kejì sí Abomey, kò ní gbà á sí Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi pè wọ́n kí wọ́n tó dá ₦10,000 padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì tó.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bọ́dà àti awakọ̀ gba méjì, bàbá inú igbó gba ọ̀kan.

Àwa méje ti ń dáwó jọ fún Abomey nìkan lẹ́yìn ìdánwò. Mọ́mì ní òun ń bọ̀, awakọ̀ yẹn náà ti gbà láti gbé wa, ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ kó tètè lọ ṣe yẹ́lò káàdì.