Stearic acid, àdín, òrí, ọṣẹ dúdú: èwo ló yẹ kó wọ inú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n?

Ẹni tó bá fẹ́ se ọṣẹ ìfárùngbọ̀n nílé, tó sì jẹ́ pé owó ohun méjì péré ló wà lápò rẹ̀, kó ra stearic acid àti potassium hydroxide, èyí tí wọ́n ń kọ KOH sí lára. Àwọn yòókù, títí kan òrí àti àdín tí gbogbo wa fẹ́ràn, olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n. Àwọn kẹ́míkà wà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta l'Ékòó. Òrí, àdín àti ọṣẹ dúdú kò sì ṣòro rí lọ́jà ibikíbi nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí abẹ bá kan ojú la fi wọ̀n wọ́n níbí, kì í ṣe ìpolówó.

Ọṣẹ ìwẹ̀ kì í ṣe ọṣẹ ìfárùngbọ̀n. Iṣẹ́ ti ìwẹ̀ ni kó bó ìdọ̀tí, kí omi sì ṣàn án lọ. Ti ìfárùngbọ̀n gbọ́dọ̀ dúró lójú fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán láì gbẹ, kí irun rọ̀, kí abẹ sì yọ̀ lórí awọ. Kò sí ọṣẹ tó ń wo bọ́ǹpù sàn o: irun wa tó ń ká ló ń wọ awọ padà nígbà tí a bá fá a mọ́lẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tó ń jẹ́ kí abẹ yọ̀ kì í jẹ́ ká fá ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Stearic acid ni ọ̀gá. Ásíìdì ọ̀rá ni, ó funfun, ó le, wọ́n sì ń tà á ní wóró tàbí ní pẹlẹbẹ kéékèèké. Palmitic acid sábà máa ń pọ̀ nínú èyí tí à ń rí rà, ìyẹn kò sì ba nǹkan kan jẹ́, torí àwọn méjèèjì ló ń mú kí ìfófò ọṣẹ kúnná, kó ki, kó sì pẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìfófò á ti gbẹ kí ẹ tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó kó ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rá tí ẹ fẹ́ lò. Tó bá kọjá 60, ọṣẹ á máa rún, á sì máa mu omi púpọ̀ kó tó hó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni paraffin tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, torí ó jọ ọ́ lójú. Ẹ po sódà àwọn ọlọ́ṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ gbé e kaná, ẹ ju ṣíbí kékeré kan ohun tí ẹ rà sí i. Stearic acid á di ọṣẹ, á dàpọ̀ mọ́ omi. Paraffin kò ní í di ọṣẹ láéláé. Ńṣe ni yóò yọ́, tí yóò léfòó.

KOH ló tẹ̀ lé e, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò torí pé sódà àwọn ọlọ́ṣẹ, ìyẹn NaOH, ti wà nílé. Sódà nìkan pẹ̀lú stearic acid á le koránkorán, búrọ́ọ̀ṣì kò ní rí nǹkan gbé lára rẹ̀. KOH nìkan á fún yín ní ọṣẹ rírọ̀ tí ẹ ó máa fi ṣíbí bù, èyí kò burú, ṣùgbọ́n kì í dúró nínú àwo dáadáa. Ẹ pín iṣẹ́ náà: kí KOH sọ ìdá 60 nínú ọ̀rá di ọṣẹ, kí sódà sọ 40; iṣẹ́ wọn là ń pín báyìí, kì í ṣe ìwúwo wọn lórí òṣùwọ̀n.

Agbára KOH kì í dọ́gba, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ wà. Èyí tó dára sábà máa ń jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ó tún ń fa ọ̀rinrin àti carbon dioxide mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà, èyí tí wọ́n ń bù láti inú àpò tó ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́ kò ṣeé fọkàn tán. Bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ra tàbí tó ń sun omi, ẹ má rà á. Ẹ ra èyí tó wà nínú ike tó dé pa, tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí lára.

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ nìyí, fún 500 gíráàmù ọ̀rá: stearic acid 260, àdín 120, òrí 80, òróró lárà (castor oil) 40. KOH tó ní agbára 90 jẹ́ 66, sódà 28, omi 220. Glycerin 25 ń bọ̀ lẹ́yìn. Nǹkan bí ìdá 4 nínú ọ̀rá ni kò ní í di ọṣẹ, èyí sì tu awọ lára. Ẹni tó bá ṣírò KOH bíi pé ó mọ́ délẹ̀, tó wá bu 59, ọ̀rá tó ṣẹ́ kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10, ìfófò á sì máa kú mọ́ ọn lójú. Òṣùwọ̀n oníbátìrì tó ń ka gíráàmù kan-kan ni kẹ́ ẹ lò. Agolo mílíìkì kò wúlò níbí rárá.

Ẹ lè fi òróró àgbọn rọ́pò àdín ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù á kàn sún láti 4 sí 5. Ẹ má fi epo pupa rọ́pò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sódà tí epo pupa ń jẹ kéré sí ti àdín, nítorí náà sódà á ṣẹ́ kù, á sì jó yín lójú. Ẹ tún gbogbo ìṣirò ṣe ná.

Nípa àdín fúnra rẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọṣẹ tètè hó. Ìfófò rẹ̀ tóbi, ó yá, ó sì máa ń tètè kú, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 25. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á máa fà lẹ́yìn fífá. Àdín dúdú tí wọ́n fi iná yan kì í jẹ́ kí òórùn mìíràn yọ, ọṣẹ á sì pọ́n. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún, tí wọ́n sì sẹ́, la fara mọ́.

Òrí dára, àmọ́ wọ́n ń yìn ín ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í di ọṣẹ bó ti wù kó rí, òun ló ń mú awọ rọ̀, òun náà ló sì ń tẹ ìfófò mọ́lẹ̀. Ìdá 10 sí 16 tó. Òrí tó bá ti kan, ọṣẹ rẹ̀ náà á kan: ẹ ó rí àbààwọ́n pupa rúsúrúsú lára rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Òróró lárà, tí wọ́n ń kọ castor oil sí lára ìgò, ń jẹ́ kí ìfófò yọ̀ kó sì di omi mú. Tó bá kọjá ìdá 10, ọṣẹ á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Wàyí o, ọṣẹ dúdú. Ọ̀pọ̀ ń bèèrè ìdí tí a ò fi kàn lò ó. Ọṣẹ potassium ni lóòótọ́, torí eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi sè é, ìyẹn ló fi rọ̀. Ṣùgbọ́n àdín ló pọ̀ nínú rẹ̀, stearic acid kò tó nǹkan, nítorí náà á hó yaya, á sì parẹ́. Èyí tó burú jù ni pé a kì í wọn agbára omi eérú: ọṣẹ kan á tutù lójú, òmíràn tí wọ́n sè ní ọ̀sẹ̀ kejì á ta èèyàn. Fún abẹ, a ò fọwọ́ sí i láìtún un ṣe.

Bí a ṣe ń tún un ṣe kò le. Ẹ yọ́ 100 gíráàmù ọṣẹ dúdú pẹ̀lú omi 40 lórí ìkòkò omi gbígbóná, ẹ da stearic acid 10 tó ti yọ́ sí i, ẹ máa rò ó. Á hó ròkè: carbon dioxide ló ń jáde, torí ásíìdì náà ń bá èyí tó ṣẹ́ kù nínú eérú jà, ó ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Ẹ lo ìkòkò tó jìn. Tí kò bá hó mọ́, tí wóró funfun sì ń léfòó, stearic ti pọ̀ jù, ẹ má fi kún un. Ìfófò rẹ̀ á dára sí i gan-an, kò kàn ní í bá èyí tí a fi KOH sè dọ́gba.

Fún sísè, ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ni o. Sódà máa ń jẹ álúmíníọ́ọ̀mù, gáàsì tó sì ń ti ibẹ̀ jáde lè gbaná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú, ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. KOH àti sódà ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi lé wọn. Tó bá ta sí yín lára, omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, ẹ gbàgbé fínígà.

Ẹ yọ́ gbogbo ọ̀rá dé 75 sí 80°C, ẹ wá máa da omi tí ẹ po KOH àti sódà sí, tó ṣì gbóná, sí i díẹ̀díẹ̀. Á dì lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò tó. Ẹ̀rù kì í bà wá níbẹ̀: stearic acid kì í dúró kí a tó bẹ̀ ẹ́. Ọmọrogùn ni kẹ́ ẹ fi rò ó, ẹ̀rọ alọ̀tà á kàn kó afẹ́fẹ́ sí i ni. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó wà lórí ìkòkò omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 45 sí 60, kẹ́ ẹ máa rò ó lóòrèkóòrè. Ó jinná nígbà tó bá ń dán, tí kò sí ojú funfun nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ bu bíńtín, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi kan ahọ́n: tó bá ta bí iná bátìrì, ẹ dá a padà sórí iná.

Wóró funfun líle tó ń ha ojú jẹ́ stearic acid tó dì kí sódà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé ìkòkò ti tutù. Ẹ tún un gbé kaná. Glycerin ń wọlé nígbà tí iná bá ti kúrò. Kò ṣeé yọ sílẹ̀, torí ọ̀rá lásán ń tú glycerin tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń di ọṣẹ, ṣùgbọ́n stearic acid kò ní ọ̀kankan. Ẹ fi ṣíbí tẹ ọṣẹ náà mọ́ inú àwo kó tó le. Ó ṣeé lò lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí omi rẹ̀ fà.

Bí ọṣẹ tó dára bá ń dì wóró-wóró nínú àwo, ẹ wo omi yín. Omi kànga tó le, ìyẹn èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, máa ń ba stearic jẹ́ ju àwọn ọ̀rá yòókù lọ. Ẹ fi omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá, ìyẹn pure water, dán an wò kí ẹ tó dá ìwọ̀n lẹ́bi.

Nínú àwọn ohun tí wọ́n ń fi kún un, bentonite, ìyẹn irú amọ̀ lúbúlúbú kan, ṣíbí kékeré kan tí a ti fi omi pò, ń jẹ́ kí abẹ yọ̀ díẹ̀ sí i. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ó ń gbẹ ojú. Omi ahọ́n erin kò ṣe nǹkan kan tí a rí. Ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀: ásíìdì rẹ̀ á jẹ nínú sódà yín, ọ̀rá á ṣẹ́ kù. Menthol, gíráàmù 3 fún ìkòkò yìí, tutù lójú dáadáa; 8 á mú omi jáde lójú yín. Lọ́fínńdà tí wọ́n ṣe fún ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 8, ẹni tí bọ́ǹpù bá sì ń yọ lẹ́nu, kó má fi òun àti menthol sí tirẹ̀ rárá.