Leeds Mercury tàbí Northern Star: Èwo Ni Kí A Kọ́kọ́ Kà?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Ọbabìnrin Victoria sábà máa ń béèrè èyí tó yẹ kí òun kọ́kọ́ kà nínú ìwé ìròyìn méjì tó jáde ní ìlú Leeds. Ìdílé Baines ló ni Mercury, ó sì ń sọ tẹnu àwọn oníṣòwò; Feargus O'Connor ló dá Star sílẹ̀ ní 1837 fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Ọ̀fẹ́ ni Star lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mercury sì sábà máa ń gba owó àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n Star kó lọ sí London ní 1844, ó sì kógbá sílé ní 1852, nígbà tí Mercury ń bá iṣẹ́ lọ.

Èrò wọn ló yàtọ̀ jù. Mercury gbè lẹ́yìn òfin àwọn aláìní ti 1834, èyí tó dín ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tálákà kù, Star sì bá a jà kíkankíkan. Pẹ́ńsì 4½ tí wọ́n ń ta Star kì í ṣe owó kékeré fún òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹnì kan a máa kà á sókè fún àwọn yòókù ní ilé ọtí àti ibi iṣẹ́. Mo ka Star sí ohun iyebíye, nítorí pé ìròyìn ìpàdé inú rẹ̀ gbé ohùn àwọn tí kò lè kọ̀wé dé ọ̀dọ̀ wa. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ O'Connor fúnra rẹ̀ gba àyè púpọ̀.

Bí ọjà, ìpolówó àti ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ bá ni ẹ ń wá, Mercury ló yẹ yín. Bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́, ebi àti ìbínú aráàlú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú Star.