Àpótí ìwé àwòrán mẹ́fà: mo gba àwòrán, mo dá orin padà

Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi mi n'Íbàdàn, ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí sáà kejì wọlé ní oṣù kìíní, mo fi ₦18,500 owó àpò ara mi ra àpótí ìwé àwòrán kan. Ìwé mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: ara wa, ẹbí, ọjà, oúnjẹ, òjò, ẹranko ilé. Ìkọ̀ọ̀kan ní ewì tirẹ̀, wọ́n sì kọ orin wọn sórí fláàṣì.

Ìwé ọjà ni ò jẹ́ kí owó yẹn dùn mí. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí ìyá oníata to ata rodo jọ ní òkìtì-òkìtì, tí ọmọ kan sá sábẹ́ tábìlì, tí ewúrẹ́ sì ti ki ẹnu bọ ẹ̀fọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì ka ìlà kìíní ewì tán tí ariwo fi sọ: "Àǹtí, ewúrẹ́! Ẹ lé e!" Ọ̀sẹ̀ méjì la lò lórí àwòrán kan ṣoṣo yẹn. A ka òkìtì ata, a dárúkọ àwọ̀, a ṣe ọlọ́jà àti oníbàárà. Mo gbé ẹ̀wà àti agolo mílíìkì òfìfo wá látilé. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ látọjọ́ tó ti dé ló di ìyá ẹlẹ́wà. Mo ná an, ó mi orí: "Kò gbà. Ẹ fowó lé e."

Orin ńkọ́? Ohùn orin òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé. Nínú ìwé ara wa, wọ́n ní ká fọ ọwọ́, àmọ́ ibi tó yẹ kí ohùn gòkè ló ti já wálẹ̀, ọwọ́ di ọwọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà nàka sí ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Àǹtí, ṣé wọ́n máa ń fọ ọwọ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì pa fláàṣì náà tì. Lọ́jọ́ kejì, mo fi àtẹ́wọ́ dá ewì yẹn bí orin inú àlọ́, àwọn ọmọ ń gbè é. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n.

Nínú ìwé oúnjẹ, wọ́n kọ "ení, méjì, mẹ́ta". Ení, èjì, ẹ̀ta la fi ń kà. Ẹ̀yìn ohun tí a kà ni méjì ń wà, bí ọsàn méjì. Bírò ni mo fi tún un ṣe. Wọ́n ya ápù síbẹ̀, àgbálùmọ̀ ò sí, bẹ́ẹ̀ àsìkò rẹ̀ gan-an la wà!

Òbí kan bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ Yorùbá ni mò ń fi kọ́ wọn. Mo sọ fún un nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìwé òjò, mo dìídì fi pamọ́ ni. Ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò dé ní oṣù kẹta, àwọn ọmọ kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, òórùn ilẹ̀ gba gbogbo kíláàsì, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Mi ò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun.

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé yìí. Ìwé ẹranko ti tú ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi rán an. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní mo ti lò ó. Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè ta ìwé ọjà àti ìwé òjò nìkan fún kíláàsì kejì. Wọ́n ní odidi àpótí ni.