GCC 10 le, àmọ́ mo gba tiẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi GCC 10 (kọ̀m̀páílà, ètò tó ń sọ kóòdù C di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò) bíldì kernel (ọkàn) Linux àtijọ́, tẹ́ ẹ bá rí "multiple definition of yylloc", ẹ fọkàn balẹ̀. Látọdún 2020 tí kọ̀m̀páílà yìí jáde ló ti ń lo -fno-common láì bi ẹnikẹ́ni, àwọn ti tẹ́lẹ̀ máa ń mójú kúrò tí fáìlì méjì bá jọ ní variable kan náà, èyí ò gbà, linker (ètò tó ń so àwọn fáìlì pọ̀) á kọ̀ jálẹ̀. Odidi alẹ́ kan ni mo fi wá a o, àṣé ìlà kan ṣoṣo ni, YYLTYPE yylloc nínú dtc-lexer.l, fáìlì kan nínú kernel náà, mo fi extern (tó ń sọ pé fáìlì mìíràn ló ni variable náà) ṣáájú ẹ̀, ó bá bíldì! Àwọn kan ń fi -fcommon, tó ń dá ìṣe àtijọ́ padà, sí HOSTCFLAGS (àwọn àṣẹ tí wọ́n ń fún kọ̀m̀páílà), ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bíbo egbò mọ́lẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn GCC 10 gan-an.