Ìtọ́kasí nọ́ńbà 17: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan l'Óṣogbo

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀nà Òkè-Baálẹ̀ ló wà, lápá ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti máa ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Mo gbé iṣẹ́ ìwádìí mi lọ bá wọn kí wọ́n bá mi to àwọn ìtọ́kasí rẹ̀ bí jọ́nàlì tí mo fẹ́ kó gbé e jáde ṣe fẹ́ ẹ. ₦12,000 ni wọ́n gbà, mi ò sì yọwó, torí mo fẹ́ kó dára.

Ìtọ́kasí nọ́ńbà 17 ló mú mi kọ èyí.

Omi kànga ni iṣẹ́ mi dá lé, ní àwọn àdúgbò tí kànga àti ṣáláńgá ti súnmọ́ra jù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní a ò gbọdọ̀ rí kòkòrò E. coli kankan nínú 100 mílílítà omi mímu. Orí gbólóhùn yẹn ni gbogbo àlàyé mi dúró lé, nọ́ńbà 17 ni mo sì fi tì í lẹ́yìn. Nígbà tí jọ́nàlì máa dá iṣẹ́ padà, wọ́n bi mí pé kí ló kan adágún ẹja àrọ̀ nínú òfin omi mímu. Mo ṣí fáìlì. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ẹnìkan lórí ẹja àrọ̀ ló wà ní 17. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti lọ jókòó sí 45 nísàlẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi ń gbé ìgò kiri kànga àwọn èèyàn láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ yẹn bó ṣe wà á rò pé mo purọ́ mọ́ àjọ ńlá, tàbí pé mi ò ka ìwé tí mo tọ́ka sí. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Ọ̀nà APA ló mọ́ àwọn atẹ̀wé wa lára: orúkọ àti ọdún nínú àkọsílẹ̀, kí àkójọ ẹ̀yìn ìwé tò láti A dé Z. Ọ̀nà Vancouver ni jọ́nàlì mi ń lò, èyí tó ti ọ̀dọ̀ àwọn olótùú jọ́nàlì ìṣègùn tó pàdé ní ìlú Vancouver ní Kánádà lọ́dún 1978. Nọ́ńbà nìyẹn ń lò: ìwé tí o kọ́kọ́ tọ́ka sí ni 1, èyí tó tẹ̀ lé e ni 2, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to àkójọ mi láti A dé Z, wọ́n wá kọ nọ́ńbà sí i láti òkè délẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà nínú àkọsílẹ̀. Nínú ìtọ́kasí 46, 2 péré ló ṣì wà láyè rẹ̀.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo kí ọ̀gá, mo kó ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò wo ìwé náà.

"Mọ̀mí, bí a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ráhùn rí."

Mo ní ṣé wọ́n ka ìlànà jọ́nàlì tí mo tẹ̀ jáde tí mo fi lé wọn lọ́wọ́. Ó ní wọ́n kà á. Mo bá ní kó bá mi mú un wá. Ó wá a lábẹ́ káńtà, ó mú un jáde. Ojú ewé mẹ́rin ni, mo ti ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo sì fi pín-ìnnì dè é létí kó má bàa tú. Pín-ìnnì náà ò tíì kúrò níbi tí mo fi í sí. Ìṣẹ́po yẹn ṣì le gan-an bíi ìgbà tí mo ṣẹ́ ẹ. Mo gbé e sókè kó rí i. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n san ₦5,000 kí wọ́n fi tún un ṣe.

Mo ti ń kó ìwé mi nílẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan dìde nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ ọ̀rá sí sẹ́tífíkéètì. Ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ṣì ní DOI àwọn ìwé yẹn?"

DOI ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, tó máa ń fi 10 bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ó fa àga kan wá, ó jókòó tì mí, ó ṣí Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó ìtọ́kasí jọ tó sì ń tò wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni Zotero, láti 2006 ló ti wà, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ George Mason ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, mo rò pé ti àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà gan-an ni. Ọmọ yìí mú DOI ìwé àkọ́kọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan. Kí n tó ṣẹ́jú, orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, ojú ewé, gbogbo rẹ̀ ti wọlé. 39 ló ní DOI. A fọwọ́ tẹ 7 tó kù, àwọn ìwé àṣekágbá àtijọ́ àti ìwé ìjọba.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ tan jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó padà wá jókòó, ó ní "A dé ìkejìdínlógún, mà."

Ibi orúkọ àwọn èèyàn wa ló ti tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ wo Adéwálé: orúkọ àbísọ lọ́dọ̀ ẹnìkan, orúkọ ìdílé lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà mìíràn wọ́n ti forúkọ àbísọ sí ipò ti ìdílé kí ìsọfúnni tó dé ọ̀dọ̀ Zotero, yóò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi ì bá ti fojú fò ó. Ọmọ yìí dúró. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, ó wo bí òǹkọ̀wé ṣe kọ orúkọ ara rẹ̀, ó tún un ṣe. Ìgbà mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àwọn náà fẹ́ kí wọ́n mọ̀ wọ́n, mà."

Nígbà tó parí, ó ní kí n wo nǹkan kan. Ó fi ìtọ́kasí tuntun kan sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún lójú mi: 17 di 18 nínú àkọsílẹ̀, ó di 18 nínú àkójọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún yọ ọ́, wọ́n padà sí 17. Mo ní kó tún un ṣe kí n rí i. Ó wá kìlọ̀ pé kí n má já okùn tó so Word mọ́ Zotero títí jọ́nàlì yóò fi gbà á, torí bí mo bá já a, nọ́ńbà lásán ló kù, ọwọ́ la ó sì fi máa tún un ṣe.

Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọ̀gá gba ₦4,000 lọ́wọ́ mi fún àṣìṣe tirẹ̀, kò bẹ̀ mí, kò sì wo ojú ọmọ yẹn. Mo fún ọmọ náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́ níta. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gba owó yẹn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ padà, jọ́nàlì ò sì rí nǹkan kan sọ mọ́ sí ìtọ́kasí rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má fi ìwé lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹ béèrè ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ sẹ́tífíkéètì, kí ẹ sì mú DOI yín dání.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.