Get Back Tí Glyn Johns Tò: Àyẹ̀wò Àpótí Let It Be ti Ọdún 2021

Láti ọdún 1969 ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin Beatles ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń méfò lórí àwo orin kan tí kò dé orí àtẹ. Get Back ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́, Glyn Johns, ògbóǹtarìgì agbohùnsílẹ̀ tó ti bá Rolling Stones àti Led Zeppelin ṣiṣẹ́, ló sì tò ó pọ̀. Àwọn kan gbà gbọ́ pé òun gan-an ni ojúlówó iṣẹ́ tí wọ́n fi dù wá; àwọn mìíràn ní ká ní ó dára ni, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà (John Lennon, Paul McCartney, George Harrison àti Ringo Starr) kì bá tí kọ̀ ọ́. Àpótí Let It Be, àwo tí wọ́n gbé jáde dípò rẹ̀, tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, tó ní síídì márùn-ún, Blu-ray kan àti ìwé aláwòrán nínú, ló jẹ́ kí gbogbo wa lè fi etí ara wa dá ẹjọ́ náà. Orí síídì kẹrin ni iṣẹ́ Johns wà, òun ni mo sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò jù, nítorí òun ló mú kí àpótí yìí tó ohun tí èèyàn ń náwó lé.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní sítúdíò Twickenham nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tí kámẹ́rà ń ya gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Èrò wọn ni pé kí wọ́n kọrin papọ̀ bí ẹgbẹ́ tó wà lójú agbo, láìsí pé wọ́n ń fi ohùn kan lé òmíràn lórí lẹ́yìn ìgbà tí orin ti parí. Inú kò dùn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10, George Harrison bínú jáde. Nígbà tí ó padà, wọ́n kó lọ sí abẹ́ ilé iṣẹ́ orin tiwọn, Apple, ní Savile Row, Billy Preston, olórin ará Amẹ́ríkà, bá wọn jókòó sídìí dùùrù, ara sì tù wọ́n. Ní ọjọ́ 30, wọ́n gun òrùlé ilé náà, wọ́n ṣeré fún àwọn tó ń kọjá lọ. Johns parí ètò àwo náà nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n tilẹ̀ ti ya àwòrán tí wọn yóò fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò gbé e jáde. Ó tún un tò ní oṣù Kìíní ọdún 1970, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Phil Spector, olóòtú orin ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n kó téèpù náà fún nígbẹ̀yìn, ohun tó ṣe ni ayé sì mọ̀ sí Let It Be láti oṣù Karùn-ún ọdún náà.

Ohun tó mú kí ìméfò náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀dà iṣẹ́ Johns ti jò dé ilé iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà kí ọdún 1969 tó parí, àwọn kan sì tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ, wọ́n pè é ní Kum Back. Ẹ̀dà tí ohùn rẹ̀ kò mọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní báyìí tí ohùn ti mọ́, mo lè sọ pé apá kejì ìjiyàn náà kò parọ́ pátápátá. Johns fi ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀rín àti àṣìṣe sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. I've Got a Feeling dúró lójijì kó tó parí, Teddy Boy ń lọ bí orin tí ẹni tó kọ ọ́ nìkan mọ̀, Dig It sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tí Spector kò fún un tó ìṣẹ́jú kan. Don't Let Me Down tó yàn kò dára tó èyí tí wọ́n ti fi sẹ́yìn rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré Get Back ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ìdí tó fi jẹ́ One After 909 nìkan ni ó mú nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ lórí òrùlé. Spector mú mẹ́ta níbẹ̀, ó sì ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ The Long and Winding Road. Orin kan náà tí wọ́n kọ ní ọjọ́ kan náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì lò. Spector da fayolíìnì àti ẹgbẹ́ akọrin bò ó, èyí tó bí Paul McCartney nínú gidigidi. Johns fi ohùn Paul àti dùùrù rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ohunkóhun kún un. Èèyàn ń gbọ́ ibi tí John Lennon ti ń ṣi jìtá béèsì tẹ̀, síbẹ̀ orin náà wọ mí lára ju ti Spector lọ, nítorí kò sí ohun tó dúró láàárín ẹni tó ń kọrin àti ẹni tó ń gbọ́. Paul yìí kan náà ló wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá ní ọdún 1973, níbi tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine tó ń ta jìtá nìkan ti dá gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, Wings, ṣe. Kò sì yà mí lẹ́nu pé ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí orin rẹ̀ wà láìní ọ̀ṣọ́ púpọ̀.

Ohun tí mo rò pé àwọn tó ń jiyàn gbójú fò ni àkókò. Nígbà tí Let It Be jáde, ìròyìn ti kàn pé ẹgbẹ́ náà ti tú ká, nítorí náà aṣọ ọ̀fọ̀ ni àwọn olùgbọ́ wọ̀ fún un. Ká ní Get Back ti jáde ní àárín ọdún 1969, ṣáájú Abbey Road tó dé ní oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rẹ́ mẹ́rin àti àlejò wọn tí wọ́n ń ṣeré ni a bá gbọ́. Ayọ̀ yẹn wà lórí síídì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá nínú Maggie Mae àti nínú ẹ̀fẹ̀ tó wà láàárín orin kan sí èkejì.

Nípa ìyókù àpótí náà, àtúntò tuntun tí Giles Martin àti Sam Okell ṣe mú kí ìlù Ringo Starr hàn kedere, ìwé inú rẹ̀ sì lẹ́wà. Àbùkù méjì ló dùn mí. Wọn kò fi eré orí òrùlé náà sínú rẹ̀ lódindi, ìgbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Èkejì ni pé orin mẹ́rin péré ló wà lórí síídì karùn-ún, méjì nínú wọn láti inú ètò Johns ti ọdún 1970, bẹ́ẹ̀ àyè wà lórí rẹ̀ tó lè gba ètò náà látòkè délẹ̀. Ẹni tí owó àpótí náà bá wọ́n lójú rẹ̀ lè gbọ́ iṣẹ́ Johns lórí Spotify. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe fo orin kankan, àní Teddy Boy pàápàá.