Audio-Technica AT-LP120XUSB: ẹ̀rọ tí ń kó orin inú àwo wọ kọ̀ǹpútà

Ẹni tí wọ́n fi àwo jùjú, àpàlà tàbí fújì sílẹ̀ fún, tó sì fẹ́ kó orin inú wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yìí tó o. Ó ní àléébù, a ó dé bẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn fíìfíì ju àwọn ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe bí àpótí ìfàlọ́wọ́. Apá àwọn yẹn wúwo, kò sì sí ohun tí èèyàn lè yí láti dín in kù, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ àwo.

Mọ́tò LP120X ló ń yí àwo tààrà, kò sí bẹ́líìtì tó lè rọ̀, quartz, kírísítálì kékeré tó ń mú eré dúró déédéé, ló sì ń ṣọ́ eré rẹ̀. Bí iná jẹnẹrétọ̀ bá ń lọ sókè sódò, orin kò ní máa fà. Ó ní eré 33⅓, 45 àti 78, ìyẹn iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka ara ṣájà rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná, pàápàá bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á: 240 gbọ́dọ̀ wà lára iye fóòtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà, torí abẹ́rẹ́ ń gbọ́ gbogbo ohun tí tábìlì bá gbọ̀n.

Ètò apá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ yí anti-skate, ohun tí kì í jẹ́ kí apá fà sí àárín àwo, sí 0, ẹ ṣí ìdérí abẹ́rẹ́, kí ẹ yí irin rìbìtì tó wà lẹ́yìn apá títí apá náà yóò fi dúró gbọọrọ lófuurufú fúnra rẹ̀. Ẹ wá yí òǹkà ojú irin náà nìkan sí 0, lẹ́yìn náà ẹ yí irin àti òǹkà pọ̀ títí yóò fi ka 2. Gíráàmù 2 ni VM95E, kátíríìjì (orí tó gbé abẹ́rẹ́ dání) tó bá a wá, fẹ́; 1.8 sí 2.2 kò burú. Ẹ dá anti-skate náà sí 2. Àwọn kan rò pé bí apá bá ṣe fúyẹ́ tó ni àwo ṣe máa pẹ́ tó. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù máa ń fò nínú ìlà àwo, fífò yẹn gan-an ló sì ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ fọ àwo kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, torí kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè yọ eruku ọyẹ́ tàbí funfun tó hù lójú àwo bí omi ṣe ń yọ ọ́. Lítà kan omi distilled, ọṣẹ ìfọwo aláìláwọ̀ ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta, àti aṣọ microfibre ti tó. Ẹ máa nu ún yípo bí ìlà ṣe lọ, ẹ má fi omi kan bébà àárín, kí ẹ tún fi distilled lásán ṣan án, kí ẹ nà án ró síbi tí oòrùn kò dé. Omi kànga àti pure water máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ìlà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta omi bátìrì lẹ ó ti rí distilled, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike dáadáa, torí wọ́n ń ta ásíìdì níbẹ̀ pẹ̀lú.

USB rẹ̀ ń gba orin ní bíìtì 16, ní 44.1 tàbí 48 kHz. Ó tó fún àwo. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń gba ìró sílẹ̀ tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe, ẹ rí i pé USB lẹ yàn, kì í ṣe maikirofóònù kọ̀ǹpútà, pé ó sì wà ní stereo. Kí ibi tí ìró ti ga jù má kọjá -6 dB, torí ohun tó bá ti gé lókè kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìkùn hùn-ùn, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kí ẹ lo bátìrì. Níbẹ̀ ló ti sábà máa ń wá.

Àtúnṣe ni ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ fúyẹ́, torí orin tiwa ń tan ètò wọ̀nyí jẹ. Click Removal, irinṣẹ́ Audacity tó ń yọ ariwo tó ń ta pá, ń wá ohun tó dún ṣókí tó sì mú. Agogo dún ṣókí, ó sì mú. Bí ẹ bá fi í fa gbogbo ojú àwo já, agogo á kú. Ẹ fi Threshold, ìwọ̀n tó fi ń mọ ohun tó jẹ́ ariwo, sílẹ̀ ní 200, ibi tí ariwo ti pọ̀ nìkan ni kí ẹ lò ó. Fún èyí tó ta pá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, kí ẹ lo Repair, tí kì í gbà ju sample (ègé ìró tín-tìn-tín) 128 lọ. Noise Reduction, tó ń dín ariwo abẹ́lẹ̀ kù, ló wá léwu jù, torí lójú rẹ̀, ariwo ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ gba àpẹẹrẹ ariwo níbi tí abẹ́rẹ́ ti wà lójú àwo ṣùgbọ́n tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ dín in ní 6 dB péré, kí ẹ sì tẹ Residue láti gbọ́ ohun tó fẹ́ yọ. Bí ẹ bá gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ dín in kù sí i.

Ojú àwo jùjú kan sábà máa ń jẹ́ orin kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ra láìdánudúró, nítorí náà ètò tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ pín orin kò ní rí nǹkan kan pín. Ctrl+B lẹ ó fi sàmì fúnra yín. Ẹ tọ́jú odindi ojú àwo náà sí FLAC, irú fáìlì tí kì í sọ ohunkóhun nínú ìró nù, kí ẹ tó gé e sí MP3.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni abẹ́rẹ́ tó bá a wá. Ọ̀pọ̀ àwo àríyá ni abẹ́rẹ́ redíógíráàmù ti jẹ ojú ìlà wọn, ibi tó ti jẹ yẹn gan-an sì ni VM95E máa ń jókòó sí. Abẹ́rẹ́ VM95ML, tó wọ ara kátíríìjì kan náà láìtú skúrúù kankan, ń kan ibi tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò dé. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n wákàtí 1,000 ni ilé iṣẹ́ náà kà fún un, 300 fún VM95E. Ẹni tó bá lówó àlékún, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ná an sí.

Ti àwo 78 yàtọ̀. Ẹ̀rọ náà ní eré rẹ̀, kò ní abẹ́rẹ́ rẹ̀: ìlà 78 fẹ̀ ju ti élípì lọ, abẹ́rẹ́ kékeré á kàn máa fì nísàlẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ VM95SP ló yẹ, ó sì ń fẹ́ ìwúwo gíráàmù 5, kí ẹ fi òṣùwọ̀n abẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n. Sípíríìtì kò gbọ́dọ̀ kan àwo wọ̀nyí, torí ó ń yọ́ shellac tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹ̀rọ yìí tún ń ṣètò ohùn wọn bíi ti élípì, ẹ ó sì ní láti fi equaliser, irinṣẹ́ tó ń gbé báàsì tàbí ohùn òkè sókè sódò, tún báàsì ṣe. Ẹni tó bá jẹ́ pé sákárà 78 nìkan ló ní nílé, kó má tìtorí USB ra eléyìí.